Ibi Tí Ẹ Ó Tẹ̀ ní Ìdí Bí Ìbàdí Bá Ń Ro Yín, Tí Ẹsẹ̀ sì Ń Fà Yín

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í bi mí ní Ìkòròdú níbí: "Ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ ní ìdí tí ìrora ẹsẹ̀ fi ń rọlẹ̀?" Awakọ̀ kórópe bi mí ní gáréèjì, ìyá ẹlẹ́ja bi mí ní Èbúté, ọmọ tó ń ránṣọ ní Ìta-Ẹlẹ́wà náà bi mí. Mo máa ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún wọn, àmọ́ bí wọ́n bá délé, ibòmíràn ni wọ́n ń tẹ̀. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ lè máa wò ó bí ẹ ti ń ṣe é.

Huantiao ni àwọn ará Ṣáínà tó ń fi abẹ́rẹ́ wo àìsàn ń pe ojú ibẹ̀. Àmì rẹ̀ nínú ìwé ni GB30. Ọ̀kan wà ní ìdí apá ọ̀tún, ọ̀kan wà ní ti òsì. Abẹ́rẹ́ gígùn ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ ń lò níbẹ̀, torí ẹran ìdí nípọn. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án nílé o. Àtàǹpàkò àti bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ti tó wa.

## Ṣé irú ìrora tiyín nìyí?

Iṣan kan wà tó nípọn tó ìka ọwọ́. Kò sí iṣan ìmọ̀lára mìíràn nínú ara tó nípọn tó o. Láti ìbàdí ló ti ń bọ̀, ó gba abẹ́ ẹran ìdí kọjá, ó gba ẹ̀yìn itan lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí nǹkan bá fún un ní ìbàdí, tàbí tí ẹran ìdí bá le gan-gan lé e lórí, ẹsẹ̀ ni ìròyìn rẹ̀ yóò ti jáde.

Títẹ ibẹ̀ bá yín mu bí:

- ìrora bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, tó ń gba ẹ̀yìn itan sọ̀kalẹ̀, tó ń ta bí ata tàbí tó ń fà bí okùn;
- ó bá ń le sí i lẹ́yìn tí ẹ bá jókòó pẹ́, tí ẹ sì ní láti dúró díẹ̀ kí ẹ tó lè gbé ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá dìde;
- ẹ bá fọwọ́ tẹ àárín ìdí, tí ẹ bá ibì kan tó le bíi kókó níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ iwájú ló ń dùn yín, níbi tí itan ti pàdé ikùn, tó fi jẹ́ pé wíwọ ṣòkòtò tàbí bàtà ti di ìjà, oríkèé ìbàdí fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ẹ fura sí. Títẹ ìdí kò lè tún oríkèé ṣe. Ẹ lọ ya fọ́tò eegun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí. Tí ìbàdí bá ti ro ẹnìkan báyìí, jẹ̀díjẹ̀dí la ó kọ́kọ́ pè é. Ẹni náà á yẹra fún ṣúgà, á máa mu àgbo jẹ̀dí àti ọ̀pá ẹ̀yìn lóṣù mẹ́ta, mẹ́rin, ẹsẹ̀ á sì máa kú tipiri lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àgbo. Àmọ́ bí ìrora bá ti kọjá orúnkún, tó ń lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣan nìyẹn, ẹ jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ iṣan.

## Ẹ ka èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni

Ilé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́la, bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá wà:

- Ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń dá lọ fúnra rẹ̀, tàbí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, tàbí abẹ́ àti àárín itan méjèèjì kú tí ẹ ò mọ ìgbà tí omi bà á. Èyí burú jù nínú gbogbo wọn. Bí wọn kò bá tètè ṣiṣẹ́ sí i, ó lè di ti ayérayé.
- Ẹsẹ̀ kò gbé sókè mọ́, sálúbàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ láìmọ̀.
- Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, ó gbóná, ẹran ẹ̀yìn ojúgun sì ń dùn. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró.
- Ọ̀kadà gbá a, tàbí ó ṣubú, kí ìrora tó dé.
- Ibà wà níbẹ̀, tàbí ara ń rù láìnídìí, tàbí ẹni náà ti ní jẹjẹrẹ rí.

Ẹni tó bá jẹ́ SS, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Orí eegun itan lè kú nínú oríkèé ìbàdí torí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa, àwọn ọ̀dọ́ gan-an ló sì máa ń ṣe. Bí ọmọ SS bá ń tiro, tó ní ìbàdí ń dun òun, ẹ má wọ́ ọ kiri. Dókítà ni kó rí i.

Bákan náà ni ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ìdí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá rọ lẹ́yìn náà. Abẹ́rẹ́ tí wọn kò gún sí apá òkè lóde ìdí lè ba iṣan ńlá yẹn. Títẹ kò ní wò ó, ẹ má fi àkókò ṣòfò.

Aláboyún, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti gbẹ, àti ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kú: kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú wọn.

## Ohun tí ẹ ó pèsè

- Ẹní lórí ilẹ̀, tàbí bẹ́ẹ̀dì tí fóòmù rẹ̀ kò tíì jìn
- Ìrọ̀rí méjì
- Táwẹ̀lì àti omi gbígbóná
- Òrí tàbí àdín díẹ̀
- Tépù aránṣọ tàbí okùn tín-ín-rín kan
- Bírò

## Bí ẹ ó ṣe rí ojú ibẹ̀

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Eegun la fi ń wá a, a kì í fi ibi tó ń dùn wá a. Ìrora lè wà ní orúnkún kí ojú ibẹ̀ wà ní ìdí, bí ẹ bá sì ń lé ìrora kiri, ẹ ó tẹ gbogbo ẹsẹ̀ tán láìbá a pàdé.

1. Kí ẹni tí ẹ fẹ́ tẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn wà lókè. Kó na ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ gbọọrọ, kó ká orúnkún ẹsẹ̀ òkè síwájú. Ẹ fi ìrọ̀rí kan sábẹ́ orúnkún yẹn, èkejì sábẹ́ orí. Bí kò bá ká ẹsẹ̀, ẹran ìdí á bo ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

2. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀, níbi tó yọ jù lóde. Ẹ ní kó rọra gbé orúnkún sókè, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Eegun kan á máa yí lábẹ́ ọwọ́ yín bí ọmọ ayò. Kókó eegun itan nìyẹn, òun sì ni àmì kìíní. Ẹ má ṣì í mú fún eegun tí ìgbànú tàbí ìdí ìró ń dúró lé. Ìyẹn wà lókè, kì í sì í yí bí orúnkún bá mì.

3. Ẹ fi ìka tọ ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ títí dé ibi tí ìdí ti fẹ́ pín sí méjì. Ihò kékeré kan wà lókè eegun ìrù gan-an, bí ìka bá débẹ̀, á rì díẹ̀. Àmì kejì nìyẹn.

4. Ẹ na okùn tàbí tépù láti àmì kìíní dé ìkejì. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Láti ọ̀dọ̀ kókó eegun itan, ẹ ka ìdá kan nínú mẹ́ta wọlé. Ibẹ̀ ni.

5. Ẹ fi àtàǹpàkò rọra tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó rì sí kòtò kan láàárín ẹran, kí ẹni náà sì sọ pé òun mọ̀ ọ́n lára lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí nǹkan wúwo bá jókòó síbẹ̀.

6. Ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀.

Ọmọ aránṣọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìyá rẹ̀ ló wọ̀n. Tépù rẹ̀ gbé íǹṣì 9 láti kókó eegun dé ihò. Ó ka íǹṣì 3 wọlé, ó fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà kékeré kan síbẹ̀. Nígbà tó tẹ ibẹ̀, ìyá rẹ̀ ní, "Ah, ibẹ̀ yẹn! Má yọwọ́." Tẹ́lẹ̀, eegun ìgbànú ló ti ń tẹ̀ fún un láti ọjọ́ yìí wá.

Bí kò bá sí okùn, ọ̀nà yìí náà wà: ẹ gbé oríkèé àtàǹpàkò yín lé kókó eegun itan náà, kí orí àtàǹpàkò dojú kọ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibi tí orí rẹ̀ bá bà sí ni. Ó yá, àmọ́ okùn ló dájú jù, pàápàá bí ẹni tí ẹ ń tẹ̀ bá sanra ju yín lọ.

## Bí ẹ ó ṣe tẹ̀ ẹ́

1. Ẹ ki táwẹ̀lì bọ omi gbígbóná, ẹ fún un, ẹ fi lé ìdí náà fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ kọ́kọ́ fi apá yín dán an wò. Ẹran tó ti móoru máa ń gbà ju èyí tó tutù lọ.
2. Ẹ fi òrí díẹ̀ ra ibẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Bó bá pọ̀, ọwọ́ á máa yọ̀ kúrò lójú ibẹ̀.
3. Ẹ kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé àtàǹpàkò kan lé èkejì, kí apá yín nà gbọọrọ. Ìwúwo ara yín ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀. Bó bá jẹ́ agbára ìka ni ẹ ń lò, kó tó di ìṣẹ́jú 2 ọwọ́ tiyín náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ro.
4. Ní kó mí sínú. Bó bá ti ń mí jáde, kí ẹ rọra máa wọlé. Ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, láìyípo, láìrà á.
5. Ẹ rọra tú u sílẹ̀. Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta dé ẹ̀ẹ̀márùn-ún ti tó.
6. Kó dìde díẹ̀díẹ̀, kó rìn yíká àgbàlá fún ìṣẹ́jú 5.

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní tètè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran á kàn wú ni.

Báwo ni kó ṣe dùn tó? Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń tẹ̀. Bó bá ń dá yín lóhùn geere, ó dára. Bó bá ti pa èémí mọ́, tó di ẹ̀ṣẹ́, tàbí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò, ẹ ti kọjá ààlà. Ojú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ máa wò, torí àwọn àgbàlagbà wa á máa sọ pé "tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo lè gbà á" títí wọn ó fi fara pa.

Bí nǹkan bá tàn wàì bí iná mànàmáná lọ sí ẹsẹ̀, ẹ yọwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iṣan ni ẹ tẹ̀, kì í ṣe ẹran. Àwọn kan máa ń yọ̀ sí i pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má yọ̀. Ẹ sún sóde níwọ̀n ìbú ìka kan, sí ọ̀nà kókó eegun itan, kí ẹ tún fi ìrọ̀rùn bẹ̀rẹ̀. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

## Bí kò bá sẹ́ni tó máa tẹ̀ yín

Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni. Èyí tó ti rọ̀ díẹ̀ dára ju tuntun lọ.

1. Ẹ fi bọ́ọ̀lù sínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, kí ẹ di ẹnu ìbọ̀sẹ̀ mú, kó má baà máa já bọ́.
2. Ẹ dúró ti ògiri ní ẹ̀gbẹ́, kí bọ́ọ̀lù wà láàárín ògiri àti àmì bírò yẹn.
3. Ẹ gbé ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri, kí ẹ rọra fara ti bọ́ọ̀lù náà. Bí ẹ ti ń sún mọ́ ògiri tàbí jìnnà sí i lẹ ó fi mọ bó ṣe wúwo tó.
4. Ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ má jókòó lé bọ́ọ̀lù nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo ìwúwo ara ló máa bọ́ sórí rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ó ṣe dín in kù.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí

Ìyá kan ní Èbúté fi ọmọ ọlọ tẹ ìdí ara rẹ̀. Ó fi ìdí lé e lórí àpótí, ó ní bọ́ọ̀lù ti rọ̀ jù fún òun. Ìgbà tó fi hàn mí, ìdí náà ti dúdú, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi, kò sì lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òkúta, ọmọ odó, ìdí ìgò: ẹ gbé gbogbo wọn padà sí ààyè wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí ọmọ gun yín lẹ́yìn, mo mọ̀ pé ó máa ń dùn mọ́ yín. Àmọ́ ẹsẹ̀ ọmọ kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹran àti iṣan, kò sì lè yọwọ́ nígbà tó yẹ. Ẹ má jẹ́ kó gun ibí yìí, pàápàá bí ẹsẹ̀ bá ti ń kú.

Aboniki tàbí Robb: bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ̀yìn títẹ̀ ni kí ẹ fi í pa á. Ẹ má fi táwẹ̀lì gbígbóná lé e lórí. Ó máa ń bó awọ ara.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, kì í ṣe ti ọwọ́ rárá. Ẹ ó tẹ ìdí tán láàárọ̀, ẹ ó wá padà sórí ohun tó fa ìrora náà. Awakọ̀ kan tó ń ná Máìlì 12 máa ń tẹ̀ ẹ́ déédéé, kò sì lọ. Mo ní kó yí padà kí n rí i. Póòsì kan wà ní àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wú bíi mọ́ínmọ́ín eléwé: owó, ìwé ọkọ̀, láísẹ́ǹsì, káàdì oríṣiríṣi. Orí ibẹ̀ gan-an ló ń jókòó lé láti aago márùn-ún ìdájí. Ó gbé póòsì sí iwájú ọkọ̀, òun ló sì wá sọ fún mi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá pé òun ti ń sùn dáadáa. Ẹ̀yin ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́, ẹ wo àpò yín.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta ẹja lórí àpótí kúkurú, ẹ wá àga tó ga débi pé orúnkún kò ní ga ju ìdí lọ, kí ẹ sì máa dìde ní gbogbo ìdajì wákàtí, kódà bí kò bá sí oníbàárà tó pè yín.

## Ojú mìíràn tó lè ràn án lọ́wọ́

Bí ìdí bá ti gbà, tí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ṣì ń fà, ẹ lè fi ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kún un:

- Yanglingquan, GB34. Ní ìsàlẹ̀ orúnkún lóde, kókó eegun kékeré kan wà. Kòtò tó wà níwájú rẹ̀, tó sì rẹlẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ni. Ìka kan ti tó láti tẹ̀ ẹ́.
- Weizhong, BL40. Àárín gbùngbùn ẹ̀yìn orúnkún, lórí ìlà tó wà níbẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, nítorí náà ìfọwọ́kàn lásán ni, ẹ má wọlé jìn. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti wú jáde ní ẹsẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Nínàá náà wúlò, èmi gan-an sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún méjèèjì sókè, ẹ gbé ọrùn ẹsẹ̀ tó ń dùn lé orí itan kejì, kí ẹ wá rọra fa itan kejì yẹn sí àyà. Ẹ óò mọ̀ ọ́n ní ìdí. Ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kí ẹ sì máa rìn. Dídùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ máa ń mú kí ìrora yìí pẹ́ sí i.

## Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ gan-an lẹ fẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ki abẹ́rẹ́ bọ ibẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀:

- Ẹ ní kí wọ́n já páálí abẹ́rẹ́ lójú yín. Tuntun ni kó jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń lò ó.
- Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́ ọ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí.
- Ẹ sọ oyún, ìtọ̀ ṣúgà àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún wọn.

## Ìgbà tí ẹ ó dáwọ́ dúró

Irú ìrora yìí sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Títẹ̀ kì í dá eegun padà, ẹran ló ń mú dẹ̀ kí ẹ lè rìn kí ẹ sì sùn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 2. Bí kò bá dín kù rárá, tàbí tó ń gba ìsàlẹ̀ lọ sí i, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ béèrè fún àwọn tó ń ṣe fisiotẹ́rápì. Bí ẹ bá jókòó níwájú wọn, ẹ má kàn ní "ìbàdí ń dùn mí." Ẹ kọ ìwọ̀nyí sínú ìwé kékeré dání:

1. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́jọ́ náà.
2. Ibi tí ìrora parí sí: itan, orúnkún, àbí ọmọ ìka ẹsẹ̀, àti ọmọ ìka wo.
3. Ibi tó ń kú tàbí tí pajápajá ń mú.
4. Bóyá ẹ lè fi gìgísẹ̀ nìkan rìn, kí ẹ sì tún fi ọmọ ìka nìkan rìn. Ẹ dán an wò nílé, kí ẹni kan dúró tì yín.
5. Gbogbo àgbo àti oògùn tí ẹ ti lò sí i, láìfi ọ̀kankan pamọ́.